Oríkì Ìyáàlé Orí Òkè

Orí Òkè,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí màmá mi pẹ̀lú. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ má bínú pé ẹ ò gbóhùn mi lórí fóònù. Ibi tí mo wà yìí, nẹ́tíwọ̀kì ò gòkè débẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó wàrà lọ sílùú ló ń bá wa gbé lẹ́tà, ìgbà tí òjò bá sì gbà fún un ló ń wá.

Mo ti dé oko tí mo ti fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọ̀sìn nílẹ̀ òkèèrè yìí. Màmá àgbàlagbà kan ló ni ín, opó ni, Màmá Olóko ni mo ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó kì mí mọ́lẹ̀ lábíyá, ó gbé mi jókòó, ó ká ṣòkòtò mi sókè, ó sì fi òróró kan pa orúnkún mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo tún kúnlẹ̀, ó tún lọ gbé òróró. Ní báyìí, ìdúró ni mo ń kí i. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n òróró yẹn ń ta ni lára ju ata lọ.

Ilé pákó là ń gbé. Wọ́n to òkúta ńláńlá sórí òrùlé kí ìjì má baà gbé e lọ. Yàrá mi wà lókè ilé màlúù gan-an, ooru ara wọn ló ń gba inú pákó wá bá mi, n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òtútù ń mú. Òórùn wọn náà ń bá ooru rìn, mi ò ní purọ́. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn lásán, ṣe ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àmọ́ láàárọ̀, tí mo bá ṣí fèrèsé, ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa. Bàbá mi, mo ti rí ẹ̀yìn ìkùukùu.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Màlúù dúdú kan wà níbí tó ní funfun níwájú orí. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ mu omi kí òun tó mu. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyáàlé. Ibi tó bá lọ ni gbogbo agbo ń tẹ̀ lé e lọ, ṣùgbọ́n darandaran tí òun ń gbọ́ tirẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí èmi bá pè é, ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi. Màmá Olóko sì ti sọ ọ́ fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kí òtútù ńlá tó dé, gbogbo agbo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Tí Ìyáàlé bá tẹ̀ lé mi, òun máa gbà mí síṣẹ́, òun á sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe wàràkàṣì. Tí kò bá tẹ̀ lé mi, ilé ni mò ń bọ̀ nígbà tí ìwé ìgbélùú mi bá parí. Bàbá mi, iṣẹ́ yìí wù mí. Ẹ bá mi fi sádùúrà.

Kí màmá mi bá mi wá ata gbígbẹ ránṣẹ́.

Èmi ọmọ yín, tó ń gbé lókè màlúù.


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà.

Ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ gbà, inú wa dùn. Mo kà á sí Kápẹ́ńtà tó múlé tì wá létí níwájú ilé, òun náà kí ọ. Ẹ̀yìn mi ń ṣe dáadáa, àfi tí ìyá rẹ bá ní kí n bá òun gbé nǹkan.

Ta ló kọ́ ilé tí ò ń gbé yẹn? Mo ti ń ṣe bíríkìlà kí wọ́n tó bí ọ, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń to òkúta sórí òrùlé rí. Abẹ́ ògiri ni òkúta máa ń wà. Kápẹ́ńtà ní bóyá wọn ò ní ìṣó níbẹ̀. Mo ní kò lè jẹ́ ìyẹn. Bi wọ́n léèrè, kí o sì kọ èsì rẹ̀ sí mi, torí ọ̀rọ̀ náà ti di iyàn láàárín wa.

Ní ti ìkúnlẹ̀, máa kúnlẹ̀ lọ. Wọn kì í gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú. Tó bá tún gbé òróró wá, jẹ́ kó fi pa ọ́, ó ń ṣe ọ́ lóore ni.

Màlúù tó ń kẹ̀yìn sí ọ ńkọ́? Ta ni bàbá rẹ̀? Fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà, nígbà tí o wà ní kékeré, bí wọ́n bá pariwo mọ́ ọ, ẹ̀yìn lo máa ń kọ sí wọn. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti fẹ́ di ọ̀gá nílé iṣẹ́ wàrà, má dójú tì mí.

Ìyá rẹ ti di ata gbígbẹ sínú páálí. Ó fi ọṣẹ kún un, ó ní òun ò mọ irú ọṣẹ tí ẹ ń lò lóhùn-ún. Ya fọ́tò, wọ aṣọ gidi.

Bàbá rẹ.


Orí Òkè,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí màmá mi, mo kí Bàbá Kápẹ́ńtà. Ata dé, ó bá ọṣẹ dé. Àwọn méjèèjì ti kọ́ ìwà ara wọn lójú ọ̀nà, àmọ́ mo ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti òkúta orí òrùlé, wọ́n ní ìṣó, ìjì ni kò gba ìṣó gbọ́.

Ẹ bá mi yọ̀. Ìyáàlé ti dáhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àárò yín sọ mí débi pé mi ò lè jẹun. Mo lọ jókòó sórí àpótí tí mo fi ń fún wàrà, ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì ara mi, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń kì mí tí mo bá kọ̀ tí mi ò dìde lórí ẹní. “Ọmọ a-mọlé-má-jẹ̀ẹ́-ó-wó, ọmọ a-jí-tẹyanrìn-kóòrùn-tó-yọ.” Mi ò tíì kì í dé ìdajì tí mo fi gbúròó agogo tí wọ́n so mọ́ màlúù lọ́rùn. Ìyáàlé ló ń bọ̀. Ó wá dúró síwájú mi, ó gbé orí lé mi léjìká. Orí yẹn wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo sunkún díẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, oríkì ilé wa ni mo fi ń pè é, kò sì kọ̀ rí. Tí mo bá wà lórí òkè kejì tí mo pariwo “ọmọ a-mọlé”, màá rí i tó yọ orí láàárín koríko, gbogbo agbo á tò tẹ̀ lé e. Màmá Olóko bi mí pé orin wo nìyẹn. Mo ní kì í ṣe orin, bàbá mi ló ni ín. Òun náà ń gbìyànjú ẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti kọ́ àwọn ará oko kejì, wọ́n ti fi ń pe ewúrẹ́.

Mo fi fọ́tò èmi àti Ìyáàlé sínú rẹ̀. Èmi ni ti ọwọ́ òsì.

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ ń wú.


Ilé,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje.

Sí ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ìkíni náà tó báyẹn.

Níwájú ilé ni mo ti ń ka lẹ́tà rẹ sí Kápẹ́ńtà létí. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á nínú yàrá. Nígbà tí n ó fi dé ibi tí o ti ń fi oríkì ilé bàbá mi pe màlúù, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, kò ṣeé kó padà. Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí àdúgbò po. “Bàbá Màlúù, ẹ kúùrọ̀lẹ́.” Ìyá oníbúrẹ́dì bi mí bóyá ọmọ-ọmọ mi ti bí. Ó ní tó bá ti bí, kí n mú wàrà wá fún òun.

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti ewúrẹ́.

O mọ ẹni tó fi oríkì yẹn lé mi lọ́wọ́? Ìyá mi ni. Bó ṣe ń kì mí ni mo ṣe di ẹni tí mo dà. Ìgbà tí mo ṣubú lórí àkàbà tí mi ò lè rìn, oríkì yẹn ló fi gbé mi dìde, àwọn dókítà kàn kún un ni. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ju káàkiri orí òkè fún ẹran tó ń jẹ koríko.

Má fi pe màlúù mọ́. Mo ti sọ tèmi.

Bàbá rẹ.


Orí Òkè,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fi oríkì wa ṣeré. Mo rò pé inú yín á dùn pé ó gbéṣẹ́ ní ibi tó jìnnà tó báyìí ni. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo ti lọ bẹ àwọn ará oko kejì, wọ́n ti dáwọ́ dúró. Ewúrẹ́ wọn ò tilẹ̀ dáhùn rí.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo ti pa ẹnu mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyáàlé wá dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó na etí, ó ń retí. Mo ní “káàárọ̀” fún un, mo dákẹ́. Ó wò mí, ó wò mí, ó wá kẹ̀yìn sí mi bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí ju kó tàpá sí mi lọ.

Màmá Olóko béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́. Mo ní bàbá mi ló ní kí n má ṣe é mọ́. Mo rò pé á fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó ní òun náà ní bàbá rí, kí n kọ̀wé bẹ̀ yín, kí n má sì ṣe é títí ẹ ó fi dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù tó ń bọ̀ la máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ní tí agbo ò bá tẹ̀ lé mi, òun máa ránṣẹ́ sí darandaran mìíràn, òun ò lè fi agbo tọrẹ nítorí pé òun fẹ́ràn mi.

Tí ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é, màá bọ̀ nílé, inú mi ò sì ní bàjẹ́ sí yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nínú oṣù kẹjọ. Mo bu ú sínú ife, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá mi. Mo yíjú padà báyìí, ó ti di omi, mo mu ún.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ.

Ọmọ mi àtàtà,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Bàbá rẹ ò mọ̀, má sì jẹ́ kó mọ̀.

Má sunkún mọ́. Ìbínú rẹ̀ ti lọ tipẹ́, ìtìjú ló kù. Lẹ́yìn tó ka lẹ́tà rẹ, ó ká a, ó fi sínú àpò, ó ní òun ń lọ wo yanrìn. Lọ́jọ́ kejì, yanrìn. Lọ́jọ́ kẹta, yanrìn. Mo ní yanrìn wo ni wọ́n ń wò báyìí? Mo yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọjà ló lọ, níbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Ó dúró síwájú dúdú kan, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó látorí dé ìrù, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àyà mi já, mo rò pé orí ọkọ mi ti dàrú.

Nígbà tó wọlé, ó bi mí bóyá màlúù máa ń wẹ̀yìn tó bá ń rìn. Mo ní kí n tó fẹ́ ẹ, kò sọ fún mi pé irú ìbéèrè báyìí wà nínú ìgbéyàwó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

Ṣé ò ń jẹun? Nínú fọ́tò yẹn, màlúù ló sanra jù ọ́.

Ìyá rẹ.


Ilé,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án.

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ara mi le. Ara ìyá rẹ le. Kápẹ́ńtà ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo ní n ò ní bá a dá sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tó ń jò.

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn, torí ohun tó yẹ kí n sọ ò fẹ́ jáde. Kí n má purọ́ fún ọ. Mo jowú màlúù. Èmi ni mo ń kì yín nílé yìí, ìwọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyá rẹ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kì mí rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, tí wọ́n bá kí mi, “Dádì, how far” ni. Èmi wá jókòó síwájú ilé, mo wá ń kà á pé ọmọ mi ń kì ẹran láràárọ̀. Ìdí tí mo fi bínú nìyẹn. Ti àdúgbò, mo ti ń gbádùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá pè mí ní Bàbá Màlúù, mo ń bú bí akọ màlúù, wọ́n ń sá.

Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ti ilé wa, ti ilé wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tó ní ìwà tó báyẹn yẹ kó ní tirẹ̀. Mo ti kọ ọ́ fún un. Lọ kì í níwájú rẹ̀:

Ìyáàlé, adúmáadán tó fi funfun ṣe fìlà.
Ó mumi tán kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí odò.
Arìn-má-wẹ̀yìn, ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.
Ìyá oníwàrà tí kò tajà, tí oníbàárà ń wá a wá.

Mo lọ wo màlúù dáadáa kí n tó kọ ọ́. Kọ bó ṣe ṣe sí mi.

Bàbá rẹ, Bàbá Màlúù.


Àfonífojì,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án.

Bàbá mi tòótọ́,

Ẹ rí i pé ibi tí mo ti ń kọ̀wé ti yí padà. A ti sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́tà yín ò bá mi lórí òkè. Òjò wó ọ̀nà, ọkọ̀ wàrà ò lè gòkè. Àná, tí a ti dé ìsàlẹ̀, ni awakọ̀ tó fi í lé mi lọ́wọ́. Torí náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa sọ̀ kalẹ̀, mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Màmá Olóko ti múra, ó mú ọ̀pá rẹ̀ dání, ó ń wò mí. Darandaran tó ránṣẹ́ sí náà ti dé, ó súfèé, ó pàtẹ́wọ́, Ìyáàlé jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ó wá kàn mí.

Bàbá mi, oríkì ilé wa wà lẹ́nu mi, ó ń yún mi. Mo rántí ohun tí ẹ sọ. Mo kàn lọ dúró síwájú rẹ̀, mo lanu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ fún un:

Ìyáàlé, alágogo ọrùn tó ń ró bí ẹni ń pèpàdé.
Ó kẹ̀yìn sí àlejò títí àlejò fi donílé.
Èémí rẹ ló ń gba pákó wá, òun ni mo fi ń sùn.
Ọmọ ilé wa kọ́ ni ọ́, mi ò ní purọ́,
ilé kan náà la kàn jọ ń gbé.

Ó na etí. Ẹnu rẹ̀ dúró lórí koríko. Mo kẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo ń kì í lọ, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wẹ̀yìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni agogo rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo agogo tó kù. Darandaran yẹn ṣí fìlà fún mi. Nígbà tí a délẹ̀, mo fẹ́ kí Màmá Olóko, ó dì mí mú kí n má baà kúnlẹ̀, òun gan-an ló wá kúnlẹ̀. Ó ti ń kọ́ ọ láìjẹ́ kí n mọ̀. Orúnkún rẹ̀ ò gbà á, èmi ni mo lọ gbé òróró.

Mo ti ka tiyín fún Ìyáàlé lálẹ́ àná. Ó dúró gbọ́ ọ tán. Ó fi ahọ́n lá ìwé náà, etí ìwé kan ti tutù, àmọ́ ó ṣeé kà.

Ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yín ni mo ń gbé kiri láti àná. Mo gbìyànjú. Ẹ ní kí màmá mi kà á síta, kó má ṣe yára:

Bàbá mi, Bíríkìlà, ọmọ a-mọlé-má-jẹ̀ẹ́-ó-wó.
Afojúwọn-ògiri, tí okùn ìwọ̀n ń tijú.
Ọwọ́ rẹ le, ó ń ha ni lára;
ọwọ́ yẹn ló wà lórí mi nígbà ibà.
Ó kọ́ tará àdúgbò tán kó tó kan tirẹ̀.
Ó bínú lọ sẹ́yìn ọjà, ó ní yanrìn lòun ń wò,
oríkì ló gbé bọ̀.
Ọkọ ìyá mi, mo wà níbi tó jìn, mo ń pè ọ́.
Ṣé o jí ire?

Ọmọ rẹ.


Ilé,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ọmọ mi,

Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀yìn ọjà ni mo lọ? Ìyá rẹ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì ń wo òkè àjà nígbà tó ń sọ ọ́.

Òun ló kà á, nínú pálọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. O ò fi “ẹ” kì mí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é, inú mi dùn pé o mọ̀. Nígbà tó dé orí ọwọ́ tó ń ha ni lára, mo wo ọwọ́ mi. Nígbà tó dé ìparí, mo ti wà lórí ìdúró, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Orí mi wú. Mo dáhùn síta, mo ní mo jí ire, ọmọ mi, mo jí ire, Kápẹ́ńtà sì gbọ́ ọ nílé rẹ̀, ó wá béèrè ẹni tó dé.

Ìyá rẹ ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo ní kó tún un kà.

Bàbá rẹ.